Ògiri dáàmù oko wa ti ń jò: níbo ni kí a ti rí owó tún un ṣe?

Akọ̀wé Àgbẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Abúlé wa wà ní Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. A ní dáàmù kékeré kan tí ìjọba ológun kọ́ fún wa nígbà DFRRI, àjọ oúnjẹ, ọ̀nà àti ohun amáyédẹrùn ìgbèríko, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1986. Erùpẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ kì mọ́lẹ̀ ni ògiri rẹ̀. Ó gùn tó mítà 210, ó sì ga tó mítà 6. Omi rẹ̀ ni àwa àgbẹ̀ 63 fi ń gbin tòmátì, ata àti ẹ̀fọ́ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, nígbà tí àwọn abúlé tó yí wa ká bá ń wojú ọ̀run.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni a ṣàkíyèsí pé ẹ̀yìn ògiri náà, nísàlẹ̀ pátápátá, ń rin. A kọ́kọ́ pè é ní ìrì. Kò pẹ́ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn níbẹ̀, débi pé koríko tútù hù yí ibẹ̀ ká nígbà tí gbogbo koríko yòókù ti gbẹ. Òjò oṣù kẹsàn-án tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí tún gbẹ́ ìdí kọnkéré ẹnu-ọ̀nà tí omi àkúnya ń gbà jáde, apá kan rẹ̀ sì ti dá lulẹ̀. A pe agbaṣẹ́ṣe kan, ó rìn yíká fún bí ìṣẹ́jú 20, ó ní iṣẹ́ náà yóò gba mílíọ̀nù 42 náírà. Owó tó wà lápò ẹgbẹ́ kò pé mílíọ̀nù 2. Àwọn kan ní kí a lọ yá owó, àwọn kan ní kí a kọ̀wé sí ìjọba, àwọn àgbà kan sì ní dáàmù tó ti ń gba omi dúró láti bí ogójì ọdún kò ní wó lásìkò tiwa. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹnjiníà Àfẹ̀yìntì

Akọ̀wé, ẹ kú ìrònú. Iṣẹ́ omi ni mo ṣe jẹun kí n tó fẹ̀yìntì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí ẹ tó máa wá kọ́bọ̀ kankan kiri: omi tó ń jò náà, ṣé ó mọ́ ni, àbí ó rú? Kò sí ògiri erùpẹ̀ tí kì í rin. Bí omi náà bá mọ́ gaara, tí kò sì pọ̀ sí i bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ẹ ní àyè láti ronú. Bí ó bá rú, ara ògiri yín ló ń kó lọ díẹ̀díẹ̀ láti inú, ihò sì ń là gba àárín rẹ̀ kọjá bí ọ̀nà ikán. Ẹ bu omi náà sínú ìgò funfun, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì láìmì í, kí ẹ wá wo ìdí ìgò.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ́ kòtò kékeré kan síbi tí omi ti ń jáde, ẹ fi páìpù darí rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25, kí ẹ sì fi fóònù ka iye ìṣẹ́jú tí kẹ́ẹ̀gì náà fi kún. Ẹ máa ṣe é ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́, bóyá òjò rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, àti ibi tí omi dáàmù ga dé lára òpó tí ẹ bá fi ọ̀dà sàmì sí. Kò ní ná yín ju owó kẹ́ẹ̀gì lọ. Mo ti jókòó rí níbi tí wọ́n ti ń pín owó iṣẹ́, mo sì mọ̀ pé lẹ́tà tó bá gbé àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ dání kì í pẹ́ nísàlẹ̀ òkìtì ìwé.

Ní ti mílíọ̀nù 42 yẹn, ẹni tó fi ìṣẹ́jú 20 wo ògiri mítà 210 kò tíì mọ àìsàn tó ń ṣe é, kò sì lè mọ iye owó oògùn rẹ̀. Ẹ ní kó pín iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́ fún yín. Ìjò ẹ̀yìn ògiri jẹ́ iṣẹ́ kan, ẹnu-ọ̀nà àkúnya jẹ́ iṣẹ́ mìíràn, òkúta tí a ń tò sí iwájú ògiri kí ìgbì omi má baà máa jẹ ẹ́ sì jẹ́ ìkẹta. Èyí àkọ́kọ́ ni kò ṣeé sún síwájú, òun náà ni owó rẹ̀ kéré jù. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ènìyàn sì ti ń ṣòfò owó jù, nítorí náà ẹ gbọ́ mi yé: ẹ kò ní fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ̀yìn ògiri o. Omi tí ẹ bá sé mọ́ inú yóò wá ọ̀nà mìíràn, ibi tí ojú yín kò tó ni yóò sì gbà. Iyanrìn odò tó mọ́ ni a ń dà lé ibi tó ń jò, a ó da òkúta wẹ́wẹ́ lé iyanrìn, a ó wá to òkúta ńlá lé e lórí, kí omi lè máa jáde, kí erùpẹ̀ má sì lè bá a jáde. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí yóò mọ ohun tí mò ń wí: èèrí ni asẹ́ ń dá dúró, kì í dá omi dúró.

Ẹ yẹ gbogbo ara ògiri wò fún ihò òkété àti òkìtì ọ̀gán. Bí igi ńlá bá ti hù lórí rẹ̀, ẹ má kàn gé e kí ẹ sì fi gbòǹgbò sílẹ̀, nítorí gbòǹgbò tó bá jẹrà nínú ògiri yóò di páìpù fún omi.

Ẹ sì bá mi sọ fún àwọn àgbà tó ní kò ní wó pé dáàmù Alau, tó wà lẹ́bàá Maiduguri, ọdún 1984 sí 1986 ni wọ́n kọ́ ọ. Òun àti tiyín fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́. Ó fọ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, omi sì bo apá tó pọ̀ nínú ìlú náà. Dáàmù Bagauda ní ìpínlẹ̀ Kano kò tilẹ̀ tíì pé ogún ọdún nígbà tí òjò gbé e lọ ní ọdún 1988.

Ọ̀dọ́ Aráoko

Ẹ má bínú o, Bàbá Ẹnjiníà, ṣùgbọ́n ìjọba ló kọ́ dáàmù, ìjọba ni kó tún un ṣe. Bí a bá dá owó lónìí, wọn yóò kúkú mọ̀ pé a lè ṣe é fúnra wa, wọn kò sì ní wo apá ibẹ̀ mọ́ láéláé.

Òṣìṣẹ́ Káńsù

Àbúrò, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n ìjọba wo? Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kì í bi ara wọn. Bí dáàmù náà bá wà lábẹ́ àjọ odò Ogun-Oṣun, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, ọ̀dọ̀ wọn ní Abẹ́òkúta ni ìwé yín ń lọ. Àwọn dáàmù kékeré ìgbà DFRRI kì í sábà sí lọ́wọ́ wọn. DFRRI fúnra rẹ̀ sì ti kógbá wọlé tipẹ́tipẹ́. Ẹ lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ òde ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ béèrè bóyá dáàmù náà wà nínú ìwé ohun ìní wọn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó omi àti èyí tó ń mójú tó ọ̀gbìn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ pé tòun ni, ẹ gba èsì náà ní kíkọ, nítorí ẹni tó bá fẹ́ fún yín lówó yóò kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹni tó ni ògiri.

Owó tí mo mọ̀ pé ẹ lè forí lé nìyí. Owó àkànṣe fún ìṣòro àyíká, tí wọ́n ń pè ní Ecological Fund, ti wà láti ọdún 1981, ọ̀gbàrá àti ilẹ̀ tí omi ń jẹ lọ sì wà lára ohun tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Abúlé kì í gba owó náà fúnra rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ilé iṣẹ́ ìjọba ni ó gbọ́dọ̀ gbé ìbéèrè yín lọ. Ẹ kọ̀wé bí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò, ẹ má kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ tòmátì nìkan.

Èkejì ni àwọn iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí Báńkì Àgbáyé ń gbé owó sí, bíi CSDP àtijọ́, tó ń ran àwọn ará ìlú lọ́wọ́ láti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fúnra wọn yàn, àti NG-CARES tó tẹ̀lé e. Nígbà CSDP, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ ni àwọn ará ìlú ń mú wá, wọ́n sì máa ń ka iyanrìn, òkúta àti iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ọn. Ẹ bi CSDA, àjọ tó ń bójú tó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀, bóyá wọ́n ń gba ìbéèrè lọ́wọ́. Ẹ lè gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ SPIN pẹ̀lú, mílíọ̀nù 500 dọ́là tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 fún ìbomirin àti iná mànàmáná láti ara omi. Iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n gbé ìyẹn kalẹ̀ fún. Ẹ má fi oṣù mẹ́fà dúró dè é.

Ìkẹta ni káńsù fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò ní parọ́ pé ohun gbogbo ti yí padà, ṣùgbọ́n alága kò lè fi bẹ́ẹ̀ rí àwáwí tó ń rí tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń ba lẹ́tà jẹ́ ni pé ó máa ń pẹ́ kó tó dé. Nígbà tí omi bá dé ọrùn ní oṣù kẹsàn-án ni gbogbo ìlú ń kọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ lórí ìwé ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ á ti jìnnà. Bí ìwé yín kò bá tíì dé iwájú wọn ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje, ọdún kan tún ti lọ nìyẹn.

Ìyá Alátà

Mo ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín láti òkè wá, kò sì sí ẹni tó tíì mẹ́nu ba ohun tó wà lọ́kàn mi. Iṣẹ́ ògiri, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fa omi sílẹ̀ kí wọ́n tó lè ṣe é. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn kan náà ni àwa ń jẹun. Ní abúlé tí wọ́n gbé mi sí, a dá owó, a parí rẹ̀, wọ́n sì fa omi sílẹ̀ ní oṣù kìíní nígbà tí ata wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná. Mo dúró sáàárín ebè mi, mo ń wo òdòdó ata tó ń re sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé wọ́n ń ka owó mi fún mi. Ní ọdún kejì, nígbà tí wọ́n ní kí a dá ìyókù owó náà, àwọn obìnrin tó lé ní ìdajì ni kò yọjú. Kì í ṣe pé wọ́n ya ahun. Wọ́n ti san tiwọn, kò kàn sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Nítorí náà, Akọ̀wé, ẹ kọ àdánù ẹ̀ẹ̀rùn kan mọ́ owó iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mọ ẹni tó kàn. Àwọn tí oko wọn jìnnà sí omi ni yóò kọ́kọ́ gbẹ. Bí ẹ bá mọ oṣù tí ẹ ó fa omi, ẹ sọ ọ́ kí oṣù kọkànlá tó dé, kí a lè gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó ń tó já láàárín oṣù kan, kí a má ṣe fọwọ́ kan ata. Bí omi bá sì ti ń fà sẹ́yìn, ẹ pín ilẹ̀ inú dáàmù tó ń yọ síta fún àwọn tó pàdánù. Ọ̀rinrin rẹ̀ yóò gbé ewébẹ̀ dé ibi tó lágbára, kìkì pé kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́lẹ̀ nítòsí ògiri.

Ẹnjiníà Àfẹ̀yìntì

Ìyá, ẹ ṣeun. Ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí pọ̀, mi ò sì rántí ìwé owó iṣẹ́ kan tí ìlà yẹn wà nínú rẹ̀.

Akápò Alájẹṣẹ́kù

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Bí àwọn àgbẹ̀ 63 bá ń san 15,000 náírà lẹ́ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan, 945,000 náírà ni yóò jẹ́. Kí owó omi nìkan tó di mílíọ̀nù 42, yóò gba ẹ̀ẹ̀rùn 44 ó lé díẹ̀. Owó omi kò lè kọ́ ògiri, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó lè máa tọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún, òun náà ni àwọn tí ẹ ń bẹ̀ yóò sì fi mọ̀ pé ẹ kò jókòó tẹtẹrẹ.

Ẹ má jẹ́ kí gbogbo yín san iye kan náà. Ní ẹgbẹ́ tiwa, iye ebè ni a ń kà, ẹni tó bá sì ń fi ẹ̀rọ fa omi ń san ju ẹni tó ń fi garawa pọn ọ́n lọ. Ìjà ọdún àkọ́kọ́ kò kéré, nítorí àwọn ẹlẹ́rọ ni ọlọ́lá abúlé. A ní kí ẹnì kan fi garawa rẹ̀ dúró ti ẹ̀rọ ẹnì kan ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, kí gbogbo wa sì wo bí iṣẹ́ àwọn méjèèjì yóò ti rí. Ìjà parí. Àwọn tó ń pẹja níbẹ̀ náà yẹ kó san, àwọn Fúlàní tó ń da màlúù wá mu omi sì yẹ kó san pẹ̀lú. Ẹ bá olórí wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ lè fi díẹ̀ nínú owó náà kọ́ ibi ìmumi tó jìnnà sí ògiri, nítorí pátákò màlúù ń ba ògiri erùpẹ̀ jẹ́.

Ní ti yíyá owó, mi ò fara mọ́ ọn fún odindi iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ afami tí o yá owó rà yóò mú owó wá. Ògiri tí o tún ṣe yóò kàn dá èyí tó o ní tẹ́lẹ̀ dúró ni, èlé kò sì mọ ìyẹn. Bí ẹ bá máa yá rárá, kí ó jẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kó má sì ju iye tí owó omi ẹ̀ẹ̀rùn méjì lè san lọ. Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ ṣí àkáǹtì tí ènìyàn mẹ́ta ń fọwọ́ sí, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin tó ń dáko níbẹ̀. Lóṣooṣù, ẹ lẹ ìwé tó ń fi ohun tó wọlé àti ohun tó jáde hàn mọ́ ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Kí agbaṣẹ́ṣe má sì rí gbogbo owó rẹ̀ gbà tán kí òjò ọdún kan tó rọ̀ lé iṣẹ́ rẹ̀ lórí; ẹ di ìdá mẹ́wàá mú lọ́wọ́, kí ó wà nínú ìwé àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Òkè-Ògùn ní Houston

Àwa tí a wà lókè òkun kì í kọ̀ láti dá owó. Ohun tó ń dùn wá ni pé a dá owó kànga ẹ̀rọ kan fún ìlú mi rí, títí di òní olónìí a kò rí rìsíìtì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ yín lóde dá sí i, ẹ má béèrè mílíọ̀nù 42. Ẹ ní kí wọ́n san owó ẹnjiníà tí yóò wá wọn ògiri náà dáadáa, iṣẹ́ tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n san owó òkúta tààrà fún ilé iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta, kí ẹ sì fi fọ́tò tipa kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ bó ti ń já ẹrù sílẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn ní Japan

Níbí, adágún ìbomirin tó 150,000 ló wà, èyí tó pọ̀ nínú wọn sì ti wà láti ayé àwọn baba ńlá, ògiri erùpẹ̀ bíi tiyín. Òjò oṣù keje ọdún 2018 fọ́ 32 nínú wọn. Òfin tí wọ́n ṣe tẹ̀lé e ní ọdún 2019 ní kí ẹni tó ni adágún wá fi ara rẹ̀ hàn fún ìjọba, nítorí pé kò sí ẹni tó ṣeé tọ́ka sí mọ́ pé òun ló ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tí Òṣìṣẹ́ Káńsù sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ní ọdún 2020 ni òfin mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣètò bí iṣẹ́ àtúnṣe àwọn tó léwu yóò ti yára.

Àṣà kan tí mo fẹ́ràn ni pé nígbà tí oko bá sinmi, àwọn àgbẹ̀ máa ń fa omi adágún gbẹ, wọn a kó ẹja, wọn a jẹ́ kí oòrùn pa ẹrẹ̀ rẹ̀, wọn a sì yẹ gbogbo ògiri wò. Ọjọ́ náà dà bí ọjọ́ ọdún. Ẹja tí ẹ bá kó lè san owó oúnjẹ àwọn tó wá ṣe ọ̀wẹ̀.

Akọ̀wé Àgbẹ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A ti ṣe ohun tí Bàbá Ẹnjiníà wí. Mo bu omi náà sínú ìgò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo gbé e sórí fèrèsé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohun kan bí lẹ́búlẹ́bú èlùbọ́ ti sọ̀ sí ìdí rẹ̀, kò nípọn ju èékánná lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì pupa bíi ti ara ògiri. Mo gbé e lọ sí ìpàdé láìsọ nǹkan kan, mo kàn mì í níwájú àwọn àgbà. Bàbá kan tó ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti oṣù mẹ́ta gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí, ó sì béèrè ibi tí àwọn ọmọ ọmọ òun ń sùn.

Ní àárọ̀ Sátidé, kẹ́ẹ̀gì kún ní ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 10. A pinnu pé owó tó wà lápò yóò ra iyanrìn àti òkúta, ọ̀wẹ̀ ni a ó sì fi kó wọn sí ààyè wọn. Ọ̀dọ́ Aráoko ló ń kọ lẹ́tà káńsù. Ó ní òun kò tíì gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ tán, ṣùgbọ́n òun mọ ìwé kọ. Àwọn obìnrin ní kí a kọ́kọ́ fi orúkọ àwọn tí oko wọn jìnnà sí omi hàn wọ́n.

Ẹnjiníà Àfẹ̀yìntì

Bí ẹrẹ̀ bá ti wà nídìí ìgò, ẹ má dúró de ìpàdé mìíràn. Lónìí ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kéré tán mítà kan, kí ẹ yan ẹni méjì tí yóò máa sùn nítòsí ògiri, kí nọ́ńbà fóònù gbogbo ilé tó wà nísàlẹ̀ odò sì wà lọ́wọ́ wọn. Kí iyanrìn tó dé, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe gbogbo iyanrìn ni ó lè ṣe asẹ́. Èyí tí wọ́n fi ń rẹ́lé máa ń kúnná jù.

Akọ̀wé Àgbẹ̀

Ẹ̀rọ méjì ti ń fa omi láti òwúrọ̀, Bàbá. Fọ́tò iyanrìn ń bọ̀ ní ọ̀sán.